Ìbọn Tí Àmọ̀kẹ́ Yàn fún Ọmọ Rẹ̀

"Ẹ gbé e, Ìyá. Kò sí ọta nínú rẹ̀."

Àmọ̀kẹ́ kò gbé e. Ó ń wo ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta tí wọ́n tò sórí tábìlì, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pa mọ́ abẹ́ ìborùn. Inú Ilé Òjìji gbóná bí inú ààrò. Ní ìlú Òkè-Abẹ̀bẹ̀, gbogbo iná tí àwọn abẹ̀bẹ̀ ńláńlá orí òkè bá rí fà yọ lára atẹ́gùn, omi ni wọ́n fi ń wá nínú ilẹ̀. Kì í ṣẹ́ kù débi tí wọn yóò fi tu ènìyàn lára.

Akínrìnádé, ọ̀gá ilé náà, ló jókòó kọjú sí i. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè. Bó bá ń ka ikú síni létí, èèyàn á rò pé ó ń kíni ni. Dáhùnsi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Àmọ̀kẹ́ bí, dúró ti ògiri. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ti ìlẹ̀kẹ̀ bọ abẹ́ awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ní igun kejì yàrá náà, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú na ọwọ́ òsì lé orí dígí kan, ẹ̀rọ ń wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Jẹ́nrọlá ni, opó Oyèdiran. Òun ni òjìji tí yóò máa tẹ̀ lé Dáhùnsi kiri, tí yóò gbé ìbọn kọ́ ìbàdí.

"Àánú ni òfin ṣe fún yín," Akínrìnádé wí. "Ẹbí ẹni tó kú ló ń gbé ìbọn, ṣùgbọ́n ẹbí ẹni tó pa á ló ń yan ìdènà tí kò ní jẹ́ kó ṣèèṣì dún. Láyé àtijọ́, ẹ̀wọ̀n ni wọn ìbá ju ọmọ yín sí. Ta ló wá ní omi tí yóò máa bù fún ẹlẹ́wọ̀n lónìí? Ilé yín ni yóò máa gbé, yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, òjìji rẹ̀ yóò sì máa bá a kiri fún ọdún mẹ́ta. Kí lẹ tún ń fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ọmọ mi là á já."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbé e."

Nígbà tó rí i pé ìyá náà kò ní mira, òun fúnra rẹ̀ gbé èyí tó wà láàárín. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn ahọ́n ìbọn náà, èyí tí ìka gbọ́dọ̀ tì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ìbọn tó lè dún. Ó wo ọwọ́ òsì tí Jẹ́nrọlá nà, ó mi orí, ó dá ìbọn náà padà sínú dúrọ́ọ̀. "Ọlọ́wọ́ òsì ni òjìji yín. Èyí kò bá a mu. Ó ku méjì."

Ó gbé èkejì. Irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná lọ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ irin náà wálẹ̀. Ó dún *kà*. Ó tì í padà sókè. Ó dún *kò*.

"Ìdènà àtàǹpàkò nìyí. Bí irin yìí bá wà lókè, bí wọ́n fa ahọ́n ìbọn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dún. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ti pinnu. Ẹ wo àkọ̀ tí yóò máa gbé ìbọn náà sí." Ó na ọwọ́ sí àkọ̀ aláwọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú kékeré kan wà lára àkọ̀ náà, tó ń tàn bí ojú ológbò, àwọ̀ ewé. "Bí ojú yìí bá ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé tí òjìji fi ìbọn yìí pa ọmọ yín, wọn yóò so òun náà kọ́."

"Èyí ni mo fẹ́," Àmọ̀kẹ́ wí.

"Ẹ ní sùúrù." Ó gbé ẹ̀kẹta. Kò sí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yìn èèkù rẹ̀ ló yọ gọngọ díẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan bá wú. "Ìdènà ẹ̀yìn èèkù nìyí. Bí ọwọ́ bá ti dì í mú ṣinṣin, ó ti ṣí. Bí ọwọ́ bá dẹ̀, ó ti tì. Ó yá, kò sì gba ìrònú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ipasẹ̀ èyí kú, òfin a máa sọ pé ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe ọkàn."

"Ìyá wo ló máa yan ìyẹn fún ọmọ rẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀. Nítorí okùn ni." Kò sí okùn kankan lórí tábìlì; bí wọ́n ṣe ń pè é ni. "Ìbọn tó bá lọ́ra, okùn rẹ̀ a kúrú. Bí ẹ bá yan ti àtàǹpàkò, Dáhùnsi kò gbọdọ̀ jìnnà sí òjìji rẹ̀ ju ìwọ̀n ẹní méjì tí a tẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Wọn yóò jọ máa sùn nínú iyàrá kan. Bí ẹ bá yan ti ẹ̀yìn èèkù, ó lè lọ tó ibi tí òkò bá balẹ̀ sí. Èyí tó wù kó jẹ́, bó bá ré ààlà kọjá, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ á mú kí ojú àkọ̀ pọ́n, òjìji sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yìnbọn fún un."

"Màmá," Dáhùnsi wí láti ibi ògiri, "ẹ yan ti òkò."

Àmọ̀kẹ́ kò wò ó.

"Màmá, orí òpó abẹ̀bẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Ta ni yóò bá mi gun òpó ní ìwọ̀n ẹní méjì? Ṣé obìnrin yìí ni? Ilé lẹ fẹ́ kí n jókòó sí fún ọdún mẹ́ta, kí n máa wo ojú rẹ̀?"

"Bó o bá jókòó sílé, wàá wà láàyè."

"Ẹ jẹ́ kí n rí àyè mí èémí, Màmá."

Ìyá náà yíjú sí Jẹ́nrọlá. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Èwo lo rò pé ó dára?"

Jẹ́nrọlá ń nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Wọn kò bi mí, Ìyá. Kò sí nínú òfin pé kí wọ́n bi mí."

Àmọ̀kẹ́ fa ọwọ́ yọ nínú ìborùn, ó fi ìka tẹ dígí ìyàn kékeré tó wà níwájú ìbọn onírin àtàǹpàkò. Ohùn kan sọ láti inú ògiri pé, "A ti gbọ́." Dáhùnsi di ojú.

*

Sípánà ló pa Oyèdiran. Ọkùnrin náà ń sá ẹ̀gẹ́ lábẹ́ òpó abẹ̀bẹ̀ kan, níbi tí òkúta ti tẹ́jú, nígbà tí irin náà já láti òkè wá bà á ní àárín orí. Dáhùnsi ló wà lókè. Kò sí ẹni tó sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Òun náà ló sọ̀ kalẹ̀, tó gbé ọkùnrin náà sí ẹ̀yìn, tó sá tọ ilé ìwòsàn lọ pẹ̀lú òkú tó ti ń tutù.

Jẹ́nrọlá kó wọlé Àmọ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹní kan àti àpótí kékeré kan. Ó kí ìyá ilé bó ti yẹ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, Ìyá." Ó jẹ ohun tí wọ́n bù fún un, ó fọ abọ́ rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ dúpẹ́ nínú ọkàn pé òun kò ṣìyàn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáhùnsi jókòó sídìí oúnjẹ, tó sì mú òkèlè àkọ́kọ́, Jẹ́nrọlá tó jókòó kọjú sí i gbé àtàǹpàkò lé orí irin tó yọ lẹ́nu àkọ̀. *Kà.* Òkèlè náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun. *Kò.* Ó gbé e mì. *Kà.*

Àmọ̀kẹ́ wo ojú àkọ̀. Àwọ̀ ewé ni. Ìbọn kò kúrò nínú àkọ̀, ọwọ́ kò kan ahọ́n rẹ̀. Kò sí ibi tí òfin ti ní kí àtàǹpàkò má ṣeré.

Láti ọjọ́ náà lọ, ó di ohun tí ilé ń gbọ́ bí ilé mìíràn ṣe ń gbọ́ omi tó ń kán. Obìnrin náà kì í wo ìbọn nígbà tó bá ń ṣe é. Á máa wo ìta, á máa wo aláǹgbá lára ògiri, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà láìronú. Nígbà tí Dáhùnsi bá ń wẹ̀ nínú abọ́ omi rẹ̀ tí kò kún, á gbọ́ ọ. Bó bá jí láàárọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ kí i. Ohun tó burú jù níbẹ̀ kì í ṣe ariwo náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń tẹ̀lé e ni. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ṣọ́ èyí tó dún kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ *kò*, á mí. Bó bá jẹ́ *kà*, tí obìnrin náà sì gbé ọwọ́ kúrò, tó dìde lọ bu omi mu, tó padà wá jókòó, Dáhùnsi á wà níbẹ̀ tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò ní lè jẹun, kò ní lè sọ̀rọ̀, títí yóò fi wu Jẹ́nrọlá láti tì í sókè.

Kò pẹ́ tó fi rù. Ọwọ́ rẹ̀, tó ti di abẹ̀bẹ̀ mú nínú ìjì láìgbọ̀n rí, wá ń da omi sílẹ̀ kó tó dé ẹnu. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kó máa gbá yanrìn kúrò lórí àwọn páànù tí ń fa iná lára oòrùn lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ẹní méjì kò jẹ́ kó lè gbá páànù kan tán kí òjìji má bá a sún.

Níbẹ̀ ni Àmọ̀kẹ́ ti bá Jẹ́nrọlá sọ̀rọ̀. Dáhùnsi ń gbálẹ̀, kò wẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, fi irin yẹn sílẹ̀."

"Irin wo, Ìyá?"

"O mọ irin tí mo ń wí."

"Irin tí ẹ yàn fún mi ni." Jẹ́nrọlá kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí àtàǹpàkò mi rí iṣẹ́ ṣe kí n tó pa á. Ó ń ṣe é."

"O ń pa á díẹ̀díẹ̀."

"Ó jẹun lánàá, mo rí i. Oyèdiran kò tíì jẹun láti ọjọ́ náà."

"Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Èmi náà mọ̀. Wọ́n sọ ní kóòtù pé okùn kan wà tí wọ́n fi ń so sípánà mọ́ ọrùn ọwọ́. Kò so ó. Ó ní okùn náà ń fa ọwọ́ òun sẹ́yìn, òun fẹ́ kí iṣẹ́ yá." Ó wo ẹ̀yìn Dáhùnsi bó ti tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Ọdún mẹ́ta tí wọ́n dá fún un, èmi náà ni wọ́n dá a fún, Ìyá. Bí mo bá kọ̀ tí n kò tẹ̀lé e, wọn yóò gba ilé ọkọ mi. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ mi ti tẹ èèkù báyìí. Ni mo ṣe ń bèèrè."

*Kà*, ni ìbọn wí.

Dáhùnsi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó yíjú sí wọn, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ó kọjá páànù àkọ́kọ́, ó kọjá ìkejì. Ojú àkọ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

"Ẹ yìn ín," ó wí. "Irin ti wà nílẹ̀, ojú ti pọ́n. Ẹ ṣe é tán."

Jẹ́nrọlá fa ìbọn yọ. Ó nà án sí àyà Dáhùnsi. Lẹ́yìn náà ló rìn tọ̀ ọ́ lọ, ní ìrọ̀rùn, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé, títí ojú àkọ̀ fi padà di àwọ̀ ewé. Ó ti irin sókè. *Kò.*

"Rárá o," ó wí. "Kì í ṣe ìgbà tó bá wù ọ́."

Dáhùnsi dojú bolẹ̀ nínú yanrìn, ó sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

*

Òfin gba kí wọ́n pààrọ̀ ìdènà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí òjìji bá fọwọ́ sí i. Àmọ̀kẹ́ rò pé Jẹ́nrọlá yóò kọ̀. Kò kọ̀. Kò tilẹ̀ bèèrè ìdí.

"Ẹ ti rò ó dáadáa?" Akínrìnádé bi í. Ó ti gbé ìbọn kẹta jáde, ó sì ń fi aṣọ nù ún. "Mo ti sọ fún yín pé ìdènà yìí kò gba ìrònú."

Àmọ̀kẹ́ wo ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ òjìji rẹ̀, ó gbé orí lé eékún. Etí rẹ̀ wà lára àkọ̀ náà, kò sí lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ.

"Jẹ́nrọlá," ìyá náà wí, "fojú kàn mí. Ṣé wàá pa á?"

"N kò mọ̀, Ìyá. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbọ́ èémí rẹ̀ lálaalẹ́. Mo fẹ́ sùn níbi tí n kò ti ní gbọ́ ọ. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Kò purọ́. Àmọ̀kẹ́ rí i lójú rẹ̀ pé kò purọ́, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù. Bó bá jẹ́ kí ti àtàǹpàkò wà bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò ya wèrè kí ọdún tó yí po. Bó bá gba ti èèkù, ẹ̀mí ọmọ náà yóò wà lọ́wọ́ tó lè dì láìròtẹ́lẹ̀. Ó tẹ dígí tó wà níwájú ìbọn ẹ̀yìn èèkù. Ìka rẹ̀ ti làágùn, ògiri kò gbọ́ títí ó fi tún un tẹ̀.

"A ti gbọ́."

Wọ́n gba ọ̀nà etí òkè padà sílé ní ọ̀sán. Jẹ́nrọlá na ọwọ́ síwájú, ó ní kí Dáhùnsi máa lọ. Kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó wẹ̀yìn wo ojú àkọ̀. Ó gbé òmíràn. Ó rìn ju ẹní méjì lọ, ju ẹní mẹ́wàá lọ, àwọ̀ ewé kò yẹ̀. Ìbọn náà kò sì dún *kà*, kò dún *kò*. Kò ní ohun tí yóò fi dún. Ọmọkùnrin náà gbé àyà sókè, ó mí, èémí náà gùn débi pé ìyá rẹ̀ rí i láti ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ.

Àwọn òpó abẹ̀bẹ̀ tò lọ lápá ọ̀tún, wọ́n ń yí. Ó gbé ojú sókè wò wọ́n. Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ orin kan, orin tí àwọn agun-òpó fi ń gbé ara wọn ró lókè, tí ohùn rẹ̀ a máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí àkàbà. Atẹ́gùn gbé e wá bá wọn. Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n orin ni. Omi bọ́ lójú Àmọ̀kẹ́.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Ìyá?" Jẹ́nrọlá wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ."

"Ó ń kọrin."

Jẹ́nrọlá dúró. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń sinmi. Àmọ̀kẹ́ rìn síwájú díẹ̀ kó tó mọ̀ pé kò sí ẹni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó wẹ̀yìn, ó wo obìnrin náà. Ó wo iwájú, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń lọ, tó ń lọ, tó ń kọrin. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yé e. Òfin ní kí ọ̀daràn má jìnnà sí òjìji. Kò ní kí òjìji má dúró.

"Rìn," ó wí. "Jẹ́nrọlá, jọ̀ọ́, rìn."

Obìnrin náà kò rìn.

"Dáhùnsi, padà." Atẹ́gùn ń fẹ́ láti iwájú, ó gba ohùn rẹ̀ sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìyá àgbàlagbà ni, yanrìn ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó ṣubú, ó dìde. "Dáhùnsi."

Ọmọ náà gbọ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ó yíjú padà, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Ó rí òjìji rẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kékeré, àti iná pupa tó ń tàn ní ìbàdí rẹ̀. Kò dúró ronú. Ó sáré padà wá pẹ̀lú gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ di òpó mú. Ká ní ìbọn onírin àtàǹpàkò ni, ìwọ̀n àkókò tí àtàǹpàkò fi ń wá irin kàn ì bá ti tó o. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló kù tí ì bá fi wọlé sínú ààlà.

Ìbọn náà dún lẹ́ẹ̀kan.

Àmọ̀kẹ́ dé ibẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ṣì ń ta yanrìn. Nígbà tó fi kúnlẹ̀, kò ta á mọ́. Ó gbé orí rẹ̀ sí itan, ó ń gbọn yanrìn kúrò ní irun rẹ̀, ó ń pe oríkì rẹ̀ ní ohùn kékeré, kò ké.

Òjìji bọ́ sórí wọn. Jẹ́nrọlá dúró tì wọ́n, ó na ọwọ́ òsì síwájú, ìbọn ṣì wà níbẹ̀. "Ìyá," ó wí, "ọwọ́ mi kò ṣí."

Àmọ̀kẹ́ gbójú sókè. Àwọn ìka náà ti dì mọ́ èèkù bí gbòǹgbò mọ́ òkúta, ìka kan sì wà lórí ahọ́n ìbọn. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì dì báyìí, ìbọn ṣí sílẹ̀. Ẹnu ìbọn náà ń mì láti ọ̀dọ̀ Àmọ̀kẹ́ sí itan Jẹ́nrọlá fúnra rẹ̀, ó tún ń mì padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ bá mi tú u. N kò lè tú u."

Ìyá náà gbé orí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó di ọrùn ọwọ́ obìnrin náà mú. Ó gbóná. Ó mọ̀ pé bí òun bá tẹ ọwọ́ náà sí ìhà Jẹ́nrọlá fúnra rẹ̀ díẹ̀, tí ìbọn sì dún, kò sí ẹni tí òfin yóò mú. Wọn yóò ní ọwọ́ ló ṣe é. Jẹ́nrọlá náà mọ̀. Àmọ̀kẹ́ rí i nínú ojú rẹ̀ pé ó mọ̀, kò sì fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Àmọ̀kẹ́ tú ìka tó kéré jù. Ó tú èyí tó tẹ̀lé e. Ó dáwọ́ dúró.

"Àwọn tó kù, tìẹ ni," ó wí.

Ó padà sídìí ọmọ rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sílé. Ó gbọ́ tí obìnrin náà ń pe Ìyá, Ìyá, lẹ́yìn rẹ̀ nínú atẹ́gùn, fún ìgbà pípẹ́. Kò wẹ̀yìn.